Ìsìn Òwúrọ̀ Nínú Ilé Onígbàgbọ́

Ìsìn òwúrọ̀ ni ìpéjọ kékeré tí ìdílé onígbàgbọ́ máa ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó jáde nílé. Àwọn kan ń pè é ní àdúrà àárọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní ìsìn ìdílé tàbí pẹpẹ ìdílé. Kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Orin ló máa ń ṣíwájú, Bíbélì kíkà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àṣàrò lórí ohun tí wọ́n kà, kí wọ́n tó wá gbàdúrà. Kò sí àlùfáà níbẹ̀, kò sí igbá ọrẹ, kò sí aṣọ ìsìn. Ìró tí ìyá fi sùn náà ló ń ró bọ̀, ọmọ kékeré á wá pẹ̀lú ipin lójú, bàbá á sì máa wá awò ojú rẹ̀ kiri.

Ìdí tí ìsìn yìí fi jẹ́ ojoojúmọ́ hàn nínú ìtàn mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù, ní ìwé Ẹ́kísódù orí 16. Èyí tó tó oúnjẹ ọjọ́ kan ni kálukú ń kó. Ẹni tó bá fi ti òní pamọ́ de ọ̀la, ìdin ni yóò bá níbẹ̀, àfi èyí tí wọ́n bá kó sílẹ̀ de Sábáàtì. Àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà kò béèrè ju oúnjẹ òòjọ́ lọ. Yorùbá mọ ohun tí òòjọ́ jẹ́: alágbàṣe tó ń gba owó òòjọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ àná kò lè sanwó òní. Ojú yẹn ni wọ́n fi ń wo àdúrà.

Àṣà náà ti pẹ́ láyé. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni Dáníẹ́lì ń kúnlẹ̀ ní Bábílónì, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ìhà Jerúsálẹ́mù. Ẹni tó kọ Sáàmù 119 ní ẹ̀ẹ̀méje ni òun ń yin Ọlọ́run lójúmọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán, tí í ṣe wákàtí àdúrà, ni Pétérù àti Jòhánù ń gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì nígbà tí wọ́n bá arọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Didache, ọ̀kan lára àwọn ìwé Kristẹni tó pẹ́ jù lẹ́yìn Májẹ̀mú Tuntun, ní kí onígbàgbọ́ máa gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, Benedict ní Ítálì ti ṣètò fún àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ láti máa gbé inú ilé àdúrà: ìgbà méje ní ojúmọmọ, ẹ̀ẹ̀kan ní òru. Ẹni tó ń roko tàbí tó ń pa ọmọ lẹ́kún kò lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní 1549, Thomas Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di méjì nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àwọn Sáàmù 150 sì wá pín sórí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù. Ìwé Àdúrà yìí, lẹ́yìn àtúnṣe, ni àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ti ẹgbẹ́ CMS gbé wá sí Bàdágìrì àti Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò rẹ̀ tí kò jẹ́ kó já, ẹ̀ẹ̀méjìlá ni yóò ka gbogbo Sáàmù tán láàárín ọdún kan. Ní Jámánì ní tirẹ̀, ní ìlú Herrnhut, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Zinzendorf bẹ̀rẹ̀ ní 1728 sí fún àwọn onígbàgbọ́ ará Moravia ní ẹsẹ kan lójúmọ́, tí wọ́n ń gbé láti ojúlé dé ojúlé. Láti 1731 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n àgbà ló jẹ́ fún àwọn ìwé àṣàrò tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.

Nígbà tí àṣà yìí dé ilẹ̀ Yorùbá, ó bá àwọn tó ti ń bọ̀wọ̀ fún òwúrọ̀ tẹ́lẹ̀. Òwúrọ̀ lọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń wí. Bàbá kò ní bá èèyàn sọ̀rọ̀ kó tó bọ́jú, kó tó run orín, kó tó ṣe ìwúre. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, oríkì ni ìyá fi ń dá a lóhùn. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú ti ń jí àwọn èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló sì ya àwọn onígbàgbọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Inú èdè Lárúbáwá ni àdúrà ti wá, ibẹ̀ náà ni ìwàásù, wòlíì, àlàáfíà àti wákàtí ti wá. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí odindi Bíbélì Yorùbá ní 1884, kò sẹ́ni tó tún ń rò pé àjèjì ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Títí di òní, ohùn ládánì tó ń pe ìrun àsùbáà ni aago ìdágìrì nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Ìbàdàn àti Ọ̀ṣogbo. Bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́ sì ń wá Bíbélì nínú pálọ̀.

Ohun tí àwọn Yorùbá fúnra wọn bù mọ́ ọn ni gbígbóná àdúrà. Nígbà àjàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà ọdún 1918, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Sadare àti Sophia Odunlami láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí pé jọ gbàdúrà fún ìwòsàn. Ní 1925, Moses Orimolade, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Abiodun Akinsowon dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Joseph Ayo Babalola, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà, gbọ́ ìpè ní 1928, nígbà tó sì di 1930, èrò ti ń wọ́ tẹ̀ lé e ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ Aládùúrà ti wá. Ilé tó bá ti ọwọ́ Áńgílíkà wá ń ka àdúrà láti inú ìwé, ohùn wọn á sì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ti Aládùúrà ń gba ti àtinúwá, Sáàmù 24, 35, 51 tàbí 91 kò sì jìnnà sí wọn lẹ́nu. Lónìí, àwọn méjèèjì ti wọ inú ara wọn débi pé nínú ilé kan náà, ìyá lè máa ka Ìwé Àdúrà kí ọmọ rẹ̀ máa pàtẹ́wọ́.

Agogo ló ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn náà, ní nǹkan bí aago márùn-ún sí aago márùn-ún ààbọ̀. Ilé tí kò bá ní agogo ọwọ́, kíkan ilẹ̀kùn yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan ni, tàbí kí ìyá dá orin láti ọ̀nà ilé ìdáná. Iná ìjọba lè má sí. Àtùpà ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni nísinsìnyí, tí wọ́n á dojú rẹ̀ kọ òkè àjà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè yí yàrá ká. Orin tó mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu ni ẹni tó ń darí máa ń dá, torí ojú kò tíì là dáadáa láti ka ìwé. Abala òwúrọ̀ ló sì ṣíwájú nínú Ìwé Orin Mímọ́, kò nira láti ṣí. Bí orin bá parí, wọ́n á kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé àwọn jí. Ẹ̀tọ́ kọ́ ni jíjí lójú Yorùbá, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Nínú ìdúpẹ́ yìí ni oríkì ti máa ń jáde: Àjíkí, Arúgbó Ọjọ́, Alèwílèṣe, Atẹ́rẹrẹ káríayé. Ìyá tó mọ̀ ọ́n pè lè pe orúkọ Ọlọ́run fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìbéèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé kò sí ibi tí ìsìn òwúrọ̀ ti dùn tó ibẹ̀.

Bíbélì kíkà máa ń yípo, ẹsẹ méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá kan Nebukadinésárì tàbí Mẹfibóṣẹ́ẹ̀tì á kọsẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, bàbá á wúkọ́. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀mí: ọ̀pọ̀ ọmọ tó lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, ìdí ìsìn òwúrọ̀ ló ti mọ Yorùbá kà. Bíbélì àtijọ́ kò sì ní àmì ohùn tó pọ̀. Ọmọ ní láti mọ ohun tí gbólóhùn ń sọ kó tó mọ bí yóò ṣe pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lo ìwé àṣàrò. Daily Manna ti ìjọ Deeper Life àti Open Heavens ti ìjọ Ìràpadà wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gba ìdílé lọ́wọ́ ìdààmú ohun tí wọn yóò kà. Àléébù rẹ̀ ni pé àlàyé máa ń gba ipò ẹsẹ. Wọ́n á ka ìtàn tí òǹkọ̀wé sọ, wọ́n á ka kókó àdúrà tó wà nísàlẹ̀, Bíbélì á sì wà ní pípadé lórí àga.

Ibi àṣàrò gan-an ni iṣẹ́ wà, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń gé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ jù. Àwọn ọmọdé máa ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí bí ebi bá ń pa ọmọ, àsáró ni yóò gbọ́. Àwàdà náà kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ ni àṣàrò. Nínú Sáàmù kìíní, ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò fún un ni hagah, kíkùn sínú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun náà ni wòlíì Àìsáyà lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, àti fún àdàbà tó ń ké. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣàṣàrò kò kàn jókòó pa lọ́lọ́. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Nínú ìdílé, ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe é: ta ló ń sọ̀rọ̀? Níbo ló wà? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i kó tó sọ ọ́?

Bí àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ ìwé àṣàrò máa ń yan Ẹkún Jeremáyà orí 3, láti ẹsẹ 22 lọ, níbi tó ti sọ pé gbogbo àárọ̀ ni àánú Ọlọ́run ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ẹsẹ náà dùn, ó sì rọrùn láti kà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí, àárín àwókù ni yóò bá a. Àwọn ọmọ ogun Bábílónì ti wó Jerúsálẹ́mù, ní nǹkan bí 586 ṣáájú ìbí Jésù. Tẹ́ḿpìlì ti jóná, ìyàn sì mú débi pé orí 4 ní ẹsẹ kan tí wọn kì í fẹ́ kà sétí ọmọdé. Orin arò márùn-ún ni ìwé náà. Mẹ́rin nínú wọn tẹ̀ lé lẹ́tà 22 ti èdè Hébérù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti orí 3 sì jẹ́ ẹsẹ mẹ́ta-mẹ́ta fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ 66 lápapọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń sunkún létòlétò. Ní ẹsẹ 8, ó ní bí òun tilẹ̀ ké, Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn mọ́ àdúrà òun. Ní ẹsẹ 44, ó ní ìkùukùu ni Ọlọ́run fi bo ara rẹ̀ kí àdúrà má lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àárín ẹsẹ méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ìrètí náà wà. Ilé tó bá gé ẹsẹ 22 nìkan kà yóò rò pé ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní àánú níbẹ̀, hesed ni lédè Hébérù. Àánú ń rántí ẹni tí a káàánú. Hesed ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó jẹ́ ìfẹ́ ẹni tó ti bá èèyàn dá májẹ̀mú tí kò sì ní yẹ̀, bí iyèkan tí kì í kọ iyèkan rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìtìjú. Ẹsẹ 25, 26 àti 27 wá fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ lédè Hébérù, tov, tí ó túmọ̀ sí dáradára: Olúwa dára sí ẹni tó ń retí rẹ̀, dídúró jẹ́ẹ́ dára, ríru àjàgà láti ìgbà èwe sì dára. Níbí yìí, èdè Yorùbá ran àṣàrò lọ́wọ́. Ara retí ni ìrètí ti wá, retí yìí náà sì ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó ń lò. Ó ti gbálẹ̀ yàrá, ó ti rẹ ẹ̀wà, gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ló ń yọjú wò. Ẹnì kan ló ń retí, ó sì mọ orúkọ ẹni náà. Bí ìrètí onígbàgbọ́ ṣe rí nìyẹn lórí ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù tó ti di àwókù: òǹkọ̀wé kò sọ pé ìlú yóò tún dára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Olúwa ló ní òun ń retí.

Ìfẹ́ pẹ̀lú ní àṣírí tirẹ̀. Fẹ́ ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ọkàn ń fà sí àti fún ẹni tí a yàn láti fi ṣe aya tàbí ọkọ. Nígbà tí Bíbélì bá sọ pé Ọlọ́run fẹ́ aráyé, etí Yorùbá ń gbọ́ yíyàn nínú rẹ̀, pé ẹnì kan wo aráyé ó sì ní òun ni òun ń fẹ́. Ìfẹ́olúwa tí wọ́n ń sọ ọmọ kò ní ìtumọ̀ ju èyí lọ, ó sì tó.

Lẹ́yìn àṣàrò ni ẹ̀bẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àbíkẹ́yìn ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin á dúpẹ́ lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, á tọrọ kí ẹsẹ̀ màmá àgbà san, á sì sáré dé Àmín. Àwọn àgbà á tẹ̀ lé e, wọ́n á dárúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tó ń bẹ lójú ọ̀nà. Ìwọ̀n ìfẹ́ ilé kan kì í pẹ́ hàn níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ yìí. Nínú ilé mìíràn, ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ló ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aládùúgbò tó ń wú ikọ́ lódìkejì ògiri kò sì rí ìṣẹ́jú kan gbà. Kì í ṣe pé àdúrà ààbò burú. Sáàmù 35 fúnra rẹ̀ kò rọ ọ̀tá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ sọ níbẹ̀ náà pé nígbà tí àwọn ọ̀tá ọ̀hún ń ṣàìsàn, òun gbààwẹ̀ fún wọn, abala yẹn ni wọ́n sì máa ń fò. Àdúrà Olúwa àti oore-ọ̀fẹ́ ló ń parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀ kí àwọn òbí, kí ẹnì kan tó gbé ìgbálẹ̀, kí ẹlòmíràn tó gbé garawa.

Ètò yìí kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn mọ́. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Mowe, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó Erékùṣù, lè ti wà nínú ọkọ̀ ní aago márùn-ún. Àwọn kan ti gbé ìsìn ìdílé sí alẹ́, nígbà tí òògbé ń ja gbogbo ilé. Àwọn mìíràn ń ṣe é nínú mọ́tò, ìyá á ka Sáàmù láti orí fóònù, ọkọ tó ń wakọ̀ á máa ṣe Àmín láàárín gólóòpù àti fèrè. Ẹni tó bá dá wà ń lo àkókò ìdákẹ́rọ́rọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré tó ń kọ ohun tó kà sí. Ohun tó ń sọnù nínú gbogbo èyí kì í ṣe àdúrà. Àdúrà ṣeé gbà lórí ìdúró. Àṣàrò ló ń sọnù, torí ó ń fẹ́ ìdákẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò béèrè ìbéèrè.

WhatsApp ti tún àwọn kan kó jọ. Nínú ẹgbẹ́ ìdílé tó bá ní èèyàn ní Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ẹnì kan á fi ohùn ka ẹsẹ ránṣẹ́, àwọn yòókù á fi ohùn dáhùn bí kálukú bá ṣe jí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn àwọn aláwọ̀ funfun, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba, wọ́n sì lè pe ara wọn sórí ìlà kan náà. Ti Houston fi wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn nígbà náà, àti méje lásìkò òtútù. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, nígbà tí ìyá àgbà bá ń dá orin òwúrọ̀ ní Ìbàdàn ní aago márùn-ún, aago mọ́kànlá alẹ́ àná ni ní Houston. Ọmọ rẹ̀ á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, á bá wọn ṣe oore-ọ̀fẹ́, ìyá á kí i pé ó kú òwúrọ̀, òun á sì ní, "Ó dàárọ̀, mà."